Orí tí a Yàn, Oyè tí a Jẹ: Àyànmọ́, Ìdájọ́ Òdodo àti Akọni nínú Eré Àjálù

Ìfáàrà

Bí ìbéèrè ìdánwò bá ti kan eré-onítàn tí akọni rẹ̀ ṣubú láti ipò gíga tàbí tí ó kú ikú oró, ìdáhùn kan wà tí ó máa ń yá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: wọn a ní bí orí rẹ̀ ti fẹ́ ẹ nìyẹn, àyànmọ́ kò sì gbóògùn. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi ìtàn Oedipus ti ilẹ̀ Gíríìsì gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀, wọn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìdáhùn yìí kò burú pátápátá, ṣùgbọ́n kò tó. Ó ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́jọ́, ó sì ń pa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìrònú àwọn Gíríìkì àti ti Yorùbá rẹ́.

Nínú àwọn eré àjálù tí a fa yọ láti inú ìtàn Ọ̀yọ́, ohun tí akọni kò lè yẹ̀ sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn kí wọ́n tó bí i. Ohun tí ó dè é ni ẹ̀jẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ó ń gba oyè. Eré mẹ́ta ni a ó fi wo ọ̀rọ̀ yìí: *Kurunmi* ti Ọlá Rótìmí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1971, *Ọba Wàjà* ti Dúró Ládípọ̀, ti ọdún 1964, àti *Death and the King's Horseman* ti Wọlé Ṣóyínká, ti ọdún 1975. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí àti Ṣóyínká fi kọ tiwọn, ṣùgbọ́n òfin Ọ̀yọ́ kan náà ni eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé: òfin pé àwọn kan gbọ́dọ̀ bá Aláàfin lọ bí ó bá wàjà.

Àyànmọ́ nínú eré àwọn Gíríìkì

Ní ìlú Athens, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, níbi ọdún Dionysus ni àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń fi eré àjálù figagbága. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni Aristotle wá ṣe àlàyé irú ẹni tí ó yẹ láti jẹ́ akọni irú eré bẹ́ẹ̀. Ó ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni rere tí kò ní àléébù, nítorí ìṣubú irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa kó ìríra bá òǹwòran. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìkà paraku, nítorí kò sí ẹni tí í káàánú ìkà. Ẹni tí ó wà láàárín méjì ni, ẹni ńlá tí àṣìṣe kan gbé ṣubú, tí àánú rẹ̀ yóò ṣe wá, tí ẹ̀rù yóò sì bà wá nítorí pé ènìyàn bí tiwa ni.

Oedipus ni àpẹẹrẹ tí Aristotle fẹ́ràn jù. Kí wọ́n tó bí i ni òrìṣà ti sọ fún Laius bàbá rẹ̀ pé ọmọ tí yóò bí ni yóò pa á. Wọ́n lu ihò sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí olùṣọ́-àgùntàn lọ gbé e jù sórí òkè. Àánú ṣe ìyẹn, ó fi ọmọ náà fún ẹlòmíràn, ọmọ sì dàgbà ní ààfin Corinth. Nígbà tí òun náà gbọ́ pé òun yóò pa bàbá òun, òun yóò sì fẹ́ ìyá òun, ó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó rò pé wọ́n bí òun. Ojú ọ̀nà tí ó ń sá lọ yìí ni ó ti pa Laius ní oríta mẹ́ta. Ìlú tí ó sá dé ni ó sì ti fẹ́ Jocasta. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà ni ó mú un ṣẹ.

Kókó kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú fò. Òrìṣà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Kò sí ètùtù tí Laius lè rú, kò sí ẹni tí Oedipus lè bẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún akọni láti fi hàn pé ọmọlúàbí ni òun kò ju bí ó ṣe gba òtítọ́ náà mọ́ra lọ. Oedipus wádìí ọ̀ràn ara rẹ̀ dé gbòǹgbò nígbà tí àwọn mìíràn ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ojú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà.

Orí, ẹbọ àti ìwà

Èrò Yorùbá nípa orí yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn àgbà pín in sí: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, àti àyànmọ́, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn. Nínú ìtàn Ifá, Oríṣẹ̀ẹ́kù, Oríléèmèrè àti Àfùwàpẹ́ jọ ń lọ sí ilé Àjàlá láti yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró gbọ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Orí tí ó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé, kò sì gbé wọn. Àfùwàpẹ́ ni ó yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí Ifá wí, ó rúbọ, orí tí ó gbé sì sàn án. Nínú ìtàn yìí, kí wọ́n tó yan orí rárá ni ìwà, ìmọ̀ràn àti ẹbọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìdí nìyí tí *The Gods Are Not to Blame* fi ń yọ àwọn lámèyítọ́ lẹ́nu. Rótìmí gbé ìtàn Oedipus wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó sọ ọ́ di ìtàn Ọba Ọdẹ́wálé ti ìlú Kútùjẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Baba Fákúnlé lórí ọmọ tuntun náà jọ ti Gíríìkì lẹ́tà sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó bá mọ ìṣe babaláwo kò lè ṣàì béèrè pé: ẹbọ dà? Rótìmí mọ̀ pé ìbéèrè yìí yóò wáyé. Nítorí náà ni ó fi gbé ẹrù náà lé ìwà lórí. Ìjà ilẹ̀ oko ni ó pa Ọdẹ́wálé àti Adétùsà pọ̀. Èébú tí Adétùsà fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u ni ó sì mú ìbínú rẹ̀ ru. Orúkọ eré náà gan-an ń kìlọ̀ pé kí a má di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé àyànmọ́ ni ó pa Ọdẹ́wálé ti tako orúkọ ìwé tí ó ń ṣe àlàyé rẹ̀.

Ìlànà Ẹ̀ṣọ́

Bí àyànmọ́ kò bá wá jẹ́ ìdè tí ó le tó ti Gíríìkì, kí ni ó ń de akọni nínú ìtàn Ọ̀yọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ètò àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ìkòyí ni orúkọ tí àwọn Yorùbá máa ń dà pọ̀ mọ́ Ẹ̀ṣọ́ jù lọ. Oníkòyí ni olórí Ẹkùn Òsì ní ayé Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn tí ó sì ń kì í kò yé sọ̀rọ̀ ogun àti ọfà. Títí di òní, ní Ìkòyí-Ilé tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìtàn jagunjagun ni ìtàn ìlú náà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní ọdún 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin, àti pé wọn kò gbọdọ̀ gba ọgbẹ́ lẹ́yìn. Kí Ẹ̀ṣọ́ jà kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí ó jà kí ó kú sójú ogun. Kò sí ẹ̀kẹta.

Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí wọn. Johnson ṣàlàyé pé gbẹ́rẹ́ igba ó lé kan ni wọ́n ń sín sí orí ẹni tí ó bá jẹ oyè náà. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta, yóò lọ sí ogun tí Aláàfin bá rán an, láàárín oṣù mẹ́ta ó sì gbọ́dọ̀ padà bí aṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Orí méjì ni Kakaǹfò wá ní báyìí: èyí tí ó gbé láti ilé Àjàlá, àti èyí tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ní ọjọ́ oyè. Ti àkọ́kọ́, kò rántí bí ó ti ṣe yàn án. Ti ìkejì, ojú rẹ̀ là kedere nígbà tí ó ń gbà á.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ń ti èrò yìí lẹ́yìn. Bí a ti ń jẹ oyè ni a ń jẹ gbèsè. Ẹni tí ó jẹ oyè ti gba iyì rẹ̀ lówó àsansílẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò wá gba owó náà. Òfin yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ba ẹni tí ó ń pa á mọ́ jẹ́. Johnson kọ ọ́ pé nígbà tí Òjó Abúrúmákùú ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ Kakaǹfò, tí kò sí ogun tí yóò jà, ó dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlú ara rẹ̀, ó sì fi agbára paná rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kú sí iṣẹ́. Aláàfin pẹ̀lú lè sọ òfin náà di tàkúté. Ìwéré tí Aláàfin Awólẹ̀ ní kí Àfọ̀njá lọ kọlù jẹ́ ìlú tí kò ṣeé gbà bọ̀rọ̀, Kakaǹfò tí kò bá sì ṣẹ́gun gbọ́dọ̀ kú. Ọ̀tẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ yọ kò pa Awólẹ̀ nìkan. Ó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sí wẹ́wẹ́.

Kúrunmí: ẹjọ́ tí ó tọ́, etí tí kò gbọ́

Kakaǹfò ni Kúrunmí ti Ìjàyè náà. Láti ìgbà pípẹ́ ni òfin Ọ̀yọ́ ti sọ pé Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ kú. Aláàfin Àtìbà, ẹni tí ó tẹ Ọ̀yọ́ ti òde òní dó, fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun, ó sì yí òfin náà padà. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859 tí Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí kò forí balẹ̀ fún un. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn ọmọkùnrin Kúrunmí márùn-ún kú sójú ogun náà, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862.

Nínú eré Rótìmí, Kúrunmí jọ ẹ̀dá-ìtàn méjì tí wọ́n ń bára wọn jà nínú *Antigone* ti Sophocles. Antigone ni ó sin òkú arákùnrin rẹ̀ lòdì sí àṣẹ Creon ọba, tí ó ní òfin àtayébáyé ga ju àṣẹ tí ènìyàn pa lánàá lọ. Ohun tí Kúrunmí ń wí nìyẹn gẹ́lẹ́: bí ọba bá lè fagi lé òfin nítorí ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ni yóò kù tí a ó máa pè ní òfin? Ṣùgbọ́n Kúrunmí kan náà ni Creon. Ó ti fi ọwọ́ líle ṣe àkóso Ìjàyè títí kò fi sí ẹni tí ó lè wí fún un mọ́. Nígbà tí wọ́n fi àlàáfíà àti ogun lọ̀ ọ́, ogun ni ó mú. Bí Creon ti pàdánù ọmọ àti ìyàwó kí ọgbọ́n tó dé, bẹ́ẹ̀ ni Kúrunmí rí òkú ọmọ márùn-ún kí ó tó mọ ibi tí ọ̀nà náà já sí.

Sophocles pín òdodo àti agídí fún ẹni méjì. Rótìmí kó méjèèjì sínú ènìyàn kan. Èyí ni ó sọ Kúrunmí di akọni àjálù gidi. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá jẹ̀bi láti ìbẹ̀rẹ̀, ọlọ̀tẹ̀ lásán ni ì bá jẹ́. Bí ó bá sì ní sùúrù, ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí ìpàdé àwọn àgbà. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́, ó sì rò pé nítorí pé ẹjọ́ òun tọ́, gbogbo ohun tí òun bá fi ọwọ́ òun ṣe ni yóò tọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tí Aristotle ń wí wà. Kò sí àyànmọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin Ọba: ẹ̀jẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ pé

Òfin tí ó kúrò lọ́rùn Àrẹ̀mọ ní 1859 kò kúrò lọ́rùn Olókùn Ẹṣin. Nígbà tí Aláàfin Síyánbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944, Olókùn Ẹṣin múra láti tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, ṣùgbọ́n ìjọba òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Ọdún 1946 ni Ṣóyínká kọ sínú ìwé tirẹ̀, ó sì tún fi eré náà sí àárín ogun àgbáyé kejì.

Ládípọ̀ gbé púpọ̀ nínú ẹ̀bi ọ̀ràn náà ka orí òyìnbó. Ṣóyínká kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ eré náà di ìjà àṣà méjì. Ọ̀gá òyìnbó kàn jẹ́ ohun tí ó mú ọ̀ràn yá ni. Kí Pilkings tó rán ọlọ́pàá ni Ẹlẹ́ṣin ti wo wúńdíá kan lọ́jà, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, tí ó sì ní kí wọ́n fà á fún òun ní alẹ́ ọjọ́ tí ó yẹ kí òun lọ. Wọ́n fún un, nítorí pé láti ọjọ́ tí ó ti jẹ oyè ni ohunkóhun kò ti ṣòro fún un. Ìyálọ́jà kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Nígbà tí àsìkò tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ọlọ́pàá dé bá ẹni tí ó ti ń wá ohun tí yóò dá a dúró. Ní ìgbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó fa ìjákulẹ̀ òun. Ayé ṣì ń wu òun.

Ẹ jẹ́ kí a fi Oedipus wé e. Oedipus sá fún ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì kó sínú rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin mọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti jẹ oyè, ó jẹun lórí rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ falẹ̀ ní ọjọ́ tí gbèsè pé. Àìmọ̀ ni àjálù ti Gíríìkì. Àjálù ti Ọ̀yọ́ ni mímọ̀ tí a mọ̀ tí a kò ṣe. Ikú Olúńdé, ọmọ rẹ̀ tí ó ti òkè òkun dé, tí ó sì san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀, ni ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹlẹ́ṣin gba ẹ̀sín, ó sì tún kú.

Ìdájọ́ òdodo

Àwọn eré kan wà ní èdè Yorùbá tí ìdájọ́ inú wọn kò díjú rárá. Nínú *Baṣọ̀run Gáà* ti Adébáyọ̀ Fálétí àti *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ìwà ìkà ni ó fa ìparun. Gáà fi Àgbọ̀nyín ọmọ ọba rúbọ. Ẹfúnṣetán kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan lóyún. Bí wọ́n ti ṣubú, ọkàn òǹwòran balẹ̀. Síbẹ̀, Ìṣọ̀lá fi ikú ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí síwájú wa, kí àánú lè rí ibi wọlé.

Ìdájọ́ ti Kúrunmí àti ti Ẹlẹ́ṣin kò rọrùn báyìí, nítorí pé òfin fúnra rẹ̀ wà nínú ẹjọ́. Àwọn Gíríìkì náà ti kojú irú ìṣòro yìí. Nínú eré mẹ́ta tí Aeschylus so pọ̀ ní ọdún 458 ṣáájú ìbí Kristi, tí ó dá lórí ilé Agamemnon, ẹ̀jẹ̀ ń bí ẹ̀jẹ̀: ìyàwó pa ọkọ, ọmọ pa ìyá. Ohun tí ó fi òpin sí i ni pé Athena gbé ilé-ẹjọ́ kalẹ̀, ó fi òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ó sì bu ọlá fún àwọn ẹ̀mí ẹ̀san àtijọ́ kí wọ́n má bàa bínú. Òfin lè yí padà, ṣùgbọ́n ní gbangba ni, pẹ̀lú ohùn àwọn tí ọ̀ràn kàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí yóò jèrè ìyípadà náà ni ó yí òfin padà. Ẹni tí kò gbà sì ti ìdí ìbọn wá èsì. Èyí tí ó tún burú ni pé wọ́n yọ ọrùn ọmọ ọba nínú òkùn náà, wọ́n fi ti Olókùn Ẹṣin sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún sí i, títí tí àlejò fi wá já a láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí eré Rótìmí àti ti Ṣóyínká bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tú ẹ̀jẹ́ tí gbogbo ìlú jọ gbọ́? Ọba kò dá a tú. Òyìnbó kò dá a tú. Ẹlẹ́ṣin gan-an kò sì ní agbára láti tú u ní ọjọ́ tí ó pé. Àsìkò tí ó yẹ kí wọ́n jíròrò rẹ̀ ni ìgbà tí kò tíì sí òkú nílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè lórí akọni eré àjálù ní láti kọ́kọ́ wá ibi tí ìdè rẹ̀ ti wá: ṣé láti ẹnu òrìṣà ni, láti ilé Àjàlá, tàbí láti ọjọ́ ìwúyè? Lẹ́yìn náà, kí ó wo ohun tí akọni náà mọ̀ àti ìgbà tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ìparí, kí ó yẹ òfin tí ó pa á wò, bóyá ó tọ́, àti ẹni tí ó ń jàǹfààní rẹ̀. Bí ó bá ṣe èyí, yóò rí i pé Oedipus àti Ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ẹgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lójú wa. Yóò sì rí i pé ọ̀rọ̀ nípa àyànmọ́ tí kò gbóògùn kò tíì dáhùn ohunkóhun nípa Kúrunmí, ẹni tí oògùn rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: kí ó gbọ́ ti ẹlòmíràn.